Súkúrù Tí N Kò Tú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ má bá mi káàánú. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ bú mi, mo ti gbà. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ kà á dé ìparí, nítorí ìparí yẹn ni mo torí rẹ̀ gbé kálàmù.

Nadine Pruitt lorúkọ mi. Opó ni mí, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìlú Crowder, ní apá òkè Wyoming ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì wà di òní.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Bí ẹnìkan bá ní ìbọn àtijọ́, èmi ni mo máa ń wá gbogbo ẹni tó ti ni ín kó tó dọ́wọ́ rẹ̀. Màá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́, wọ́n á fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wo ọdún tó jáde àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Láti ibẹ̀, màá gba kóòtù lọ, màá gba ṣọ́ọ̀ṣì, màá gba itẹ́ òkú. Màá kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, màá sì kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, gbólóhùn tí gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń kọ: "Gbogbo ohun tí mo rí ni mo kọ síbí." Lẹ́yìn náà màá fọwọ́ sí i. Fáìlì tí kò bá ní gbólóhùn yẹn, ẹ fi dáná.

Bàbá Ganix Urruty ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn Basque, ẹ̀yà kan láti ilẹ̀ Yúróòpù, tó wá da àgùntàn lórí òkè wa láyé àtijọ́ ni ìdílé rẹ̀, àmọ́ òun ò da àgùntàn, ìbọn ló ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ilé epo. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mo kàn ń jókòó sílé tí mo ń wo ògiri, òun ló wá kanlẹ̀kùn.

Ó ní, "Nadine, ó tó. Dìde níbẹ̀, kó o wá kọ́ nǹkan."

Ó fún mi ní sukudiráfà kan tó ní èèkù igi. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ẹnu rẹ̀ títí ó fi bá ojú súkúrù mu wẹ́kú, kó má baà ha á. Torí àwa tó fẹ́ràn ìbọn àtijọ́, a máa ń bọ̀wọ̀ fún súkúrù ju ènìyàn lọ. Ìbọn tí súkúrù rẹ̀ kò bá tíì yí rí, iyì tirẹ̀ yàtọ̀.

Bàbá Ganix ní, "Súkúrù tó o bá lè fi sílẹ̀, fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó o bá máa búra lórí ìbọn náà, tú u."

Apá àkọ́kọ́ nìkan ni mo gbọ́.

Òkúta sàréè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọn ò kọ nǹkankan sí i. Àwọn oníbàárà máa ń gbé fìlà lé e lórí. Ó pé ọdún méjì kí n tó bi Bàbá léèrè pé ti ta ni.

Ó ní ti bàbá òun àgbà ni, Arnaut Urruty.

Gbogbo ọmọ Crowder ló mọ orúkọ yẹn, èmi náà mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ní oṣù kẹta ọdún 1911, wọ́n bá òkú ṣẹ́rífù wa, Asa Haldane, olórí àwọn ọlọ́pàá àgbègbè yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ àwọn darandaran. Kóòtù ní Arnaut ló yìnbọn fún un nítorí ìjà lórí koríko tí ẹran ń jẹ. Wọ́n ní ṣẹ́rífù ò mú ohun ìjà dání lọ́jọ́ náà, pé ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó nílé. Arnaut lo ọdún mẹ́rin lẹ́wọ̀n, ó kú síbẹ̀. Wọ́n sin ín sí ìkángun itẹ́ òkú, wọ́n fi igi tó ní nọ́ńbà sórí rẹ̀.

"Ìyá mi àgbà ló ra òkúta yìí," ni Bàbá Ganix wí. "Fífọ aṣọ fáwọn èèyàn ló fi rà á. Ó wá búra pé wọn ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ọkọ òun sí i títí Crowder á fi jáwọ́ nínú pípè é ní apààyàn. Bàbá mi dúró títí, ó kú. Èmi náà ń dúró. N kò bímọ, Nadine. Bí mo bá lọ, wọ́n á fi òkúta yìí tẹ́ ojú ọ̀nà."

Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí mo bá dé kóòtù báyìí, wọ́n á ní Urruty ti dé, wọ́n á ti àpótí pa. Ìwọ, wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bó o bá rí bébà kankan nípa bàbá mi àgbà, ohun yòówù kó wà nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó pa á lóòótọ́, mú un wá fún mi."

Mo ní, "Bàbá, mo búra."

Ẹ gbọ́ o. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ní oṣù Jánúárì ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Royce Haldane ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ọmọ ṣẹ́rífù yẹn ni, olówó màlúù ni, kò sì sí ohun tí wọ́n kọ́ ní Crowder tí orúkọ rẹ̀ ò sí lára ògiri rẹ̀. Ó gbé kọfí fún mi, ó sì gbé ìbọn kan sórí tábìlì, lórí aṣọ funfun. Ìbọn ìléwọ́ ṣẹ́rífù ni, èyí tó ń gba ọta mẹ́fà. Irin rẹ̀ ṣì ń dán, igi èèkù rẹ̀ ti di pupa nítorí ọwọ́ ènìyàn.

Ó ní, "Nadine, a ń kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Yàrá kan máa jẹ́ ti bàbá mi àgbà, ìbọn yìí ló máa wà láàrin ẹ̀. Mo fẹ́ fáìlì rẹ̀, látọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́. A máa fi hàn àwọn èèyàn níbi ìpàdé àwọn oníbọn àtijọ́ ní oṣù karùn-ún."

"Mo gbọ́, sà."

"Àti pé a nílò olùtọ́jú fún ilé yẹn. Ìwọ ló wà lọ́kàn mi. Tábìlì tìrẹ, kọ́kọ́rọ́ tìrẹ, orúkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà."

Ó wù mí. Kí ni mo fẹ́ purọ́ sí? Ó wù mí débi pé mo gbàgbé kọfí tó wà níwájú mi. Bí ọkọ mi ti kú, mo ti di ẹni tí wọ́n ń kí lókèèrè, tí wọ́n á ní "Ìyá Pruitt, ẹ kú ìrọ́jú," tí wọ́n á sáré kọjá. Orúkọ mi lẹ́nu ọ̀nà!

Iṣẹ́ náà rọrùn. Lẹ́tà dé láti ilé-iṣẹ́: ọdún 1903 ni ìbọn náà jáde, ṣọ́ọ̀bù kan ní Cheyenne ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Mo rí ìwé ṣọ́ọ̀bù náà, orúkọ Asa Haldane wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn ìyàwó, ọmọ, lẹ́yìn ọmọ, Royce. Súkúrù èèkù rẹ̀ mọ́ tónítóní, n kò rí ibi tí wọ́n ti ha á. Mo yọ sukudiráfà mi, mo tún dá a padà sínú báàgì. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì tayọ̀tayọ̀ pé súkúrù yìí kò tíì yí rí látìgbà tó ti kúrò ní ilé-iṣẹ́.

Ọdún 1911 nìkan ló kù. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí ìbọn náà bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó ṣẹ́rífù, ni mo bá lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ kóòtù. Twyla, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ó ní, "Àǹtí Nadine, bí eku bá gbé yín lọ, kí n sọ fún ta ni?"

"Sọ fún eku kó dá mi padà. Mi ò ládùn."

Ẹ̀rín yẹn ni ẹ̀rín tó kẹ́yìn tí mo rín láìsí ẹ̀bi lọ́kàn.

Inú páálí ọdún 1911 ni apòòwé náà wà, lábẹ́ àwọn ìwé owó pósí. Ọ̀rọ̀ tí Dókítà Pell kọ ni, dókítà tí ìjọba yàn nígbà náà láti máa yẹ òkú wò. Mo kà á lórí ìdúró. Nígbà tí mo dé ìdajì, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìbọn ṣẹ́rífù kò sí lórí ìṣó. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Asa Haldane ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, nítorí àrùn tó ń jẹ ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti sọ fún dókítà pé òun ò ní dúró dè é. Arnaut Urruty ò ṣe nǹkankan. Ìwé náà ò dé iwájú adájọ́ rí; ẹni tó dá a dúró, n kò mọ̀. Ohun mìíràn wà níbẹ̀ nípa Arnaut, ìlà mẹ́ta péré. Màá sọ ọ́ níparí, torí ibẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Bí mo bá jẹ́ ọmọ gidi, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé epo ni ǹ bá gbà lọ tààrà. Ilé Royce ni mo lọ.

Royce kà á. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé ó máa lé mi jáde. Kò lé mi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Nadine, kí ni mo ní kó o wá?"

"Àwọn tó ti ni ìbọn náà, sà."

"Ǹjẹ́ bébà yìí sọ pé ẹlòmíràn ló ni ín?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tó ni nǹkan yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fi ṣe. Ṣé mo purọ́?"

"Ẹ ò purọ́, sà."

"Gbogbo wọn ti kú. Ta ni bébà yìí máa jí dìde? Dá a padà síbi tó o ti mú un. Mi ò ní kó o ya á o. Mi ò ní kó o ṣe nǹkankan." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àwọn káfíńtà ń bèèrè irú igi tó o fẹ́ fún tábìlì rẹ."

Mo ní igi wọ́nọ́ọ̀tì ni mo fẹ́.

Ẹ wo ọgbọ́n burúkú tí mo dá. N kò jó bébà náà, n kò ya á, mo ní ìwà mi ò tíì bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo padà sí kóòtù, mo mú apòòwé náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ páálí mìíràn, èyí tí wọ́n ń kó ìwé àmì ara àgùntàn sí. Kò sẹ́ni tó ń ṣí páálí yẹn. Bébà tó wà nínú páálí tí kì í ṣe tirẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ní ìwọ lo pa á. Èmi tí mo ń jẹun nínú wíwá bébà ni mo mọ ìyẹn jù.

Mo lọ sílé, mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé lọ́jọ́ tí ṣẹ́rífù kú, ìbọn rẹ̀ wà lórí ìṣó nílé. Mo kọ gbólóhùn wa sísàlẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ganix ní kí n wá jẹun. Ọbẹ̀ ẹran àgùntàn àti ẹ̀wà ni, pẹ̀lú búrẹ́dì tó yan fúnra rẹ̀ àti wáìnì pupa. Àrùn ọkàn ti ń dà á láàmú nígbà yẹn, ó ń sinmi láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

"Mo gbọ́ pé o ń ṣiṣẹ́ lórí ìbọn Haldane."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O dé kóòtù?"

"Mo dé ibẹ̀."

"Ìwé ọdún 1911 ńkọ́? Ṣé o rí nǹkankan?"

Ojú rẹ̀ wà lójú mi. Mo gbé ọbẹ̀ ẹnu mi mì kí n lè ní àyè láti ronú, àmọ́ n kò ronú nǹkankan. Mo ní, "Kò sí, Bàbá. Mo wá a dáadáa. Kò sí."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. O kúkú gbìyànjú." Ó wá bu ọbẹ̀ sí i fún mi, ó mú ẹran tó dára jù nínú ìkòkò, ó fi sínú àwo mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Ojú ò tì mí, mo jẹ ẹ́ tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Bí mo bá gba ẹ̀yìn ilé epo, màá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí Bàbá bá pè mí, màá ní iṣẹ́ pọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo múra pé mo fẹ́ lọ mú apòòwé náà jáde. Lẹ́ẹ̀mejì ni Royce pè mí lórí fóònù, lẹ́ẹ̀kan lórí àwọ̀ aṣọ fèrèsé, lẹ́ẹ̀kan lórí bí wọ́n á ṣe kọ orúkọ mi, mo sì tún jókòó. Mo ní bí wọ́n bá ti ṣí ilé náà tán, màá wá ọgbọ́n dá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti purọ́ rí, ẹ mọ "bí eléyìí bá ti tán" yẹn.

Oṣù karùn-ún dé. Gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́, tábìlì ìbọn ló kún ibẹ̀, àwọn èèyàn wá láti Montana, wọ́n wá láti Colorado. Wọ́n gbé ìbọn ṣẹ́rífù sí iwájú, fáìlì mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Royce sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n dìde, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Bàbá Ganix wà ní ìlà kejì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, òun náà pàtẹ́wọ́ fún mi.

Obìnrin kan dìde, Salome Brandvold lorúkọ rẹ̀, àgbà nínú iṣẹ́ wa ni láti Denver. Ó ti ka fáìlì mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Iṣẹ́ yìí dára. Ohun kan ló kù. Ilé-iṣẹ́ yìí máa ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sínú igi èèkù. Ìyá Pruitt, ṣé ẹ wò ó?"

Mo ní, "Súkúrù rẹ̀ kò tíì yí rí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. N kò fẹ́ bà á jẹ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ búra lórí ẹ̀."

Royce rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u. Kí ni à ń bẹ̀rù? Ta ló dàgbà jù nínú iṣẹ́ yìí níbí? Bàbá Ganix, ẹ wá bá wa tú ìbọn bàbá mi àgbà."

Ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Royce, ṣọ́ra o. Ìgbà tí Urruty sún mọ́ Haldane kẹ́yìn, ọ̀kan ò padà wálé."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ganix dìde pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn, ó rọra rìn dé iwájú. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rín yẹn ni ìdílé wọn ń rìn kọjá. Ọkàn mi balẹ̀ o, ẹ má tan ara yín. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà lásán ló wà nínú èèkù. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

"Nadine," ni Bàbá wí, "mú sukudiráfà mi wá."

Mo mú un jáde nínú báàgì. Ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, ó wo súkúrù náà pẹ́.

Ó ní, "Wọ́n ti tú u rí. Ó ti pẹ́. Ọwọ́ ẹni tó tú u rọ̀."

Ó yí i. Igi èèkù náà bọ́ lápá kan. Ó gbé irin abẹ́ rẹ̀ súnmọ́ iná, ojú rẹ̀ ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìyá Brandvold ní, "Ṣé nọ́ńbà náà wà?"

"Nọ́ńbà wà. Ọ̀rọ̀ tún wà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha á sára irin." Ó kà á, lẹ́yọ lẹ́yọ. "J. W. Pell. Ẹ̀rí kìíní. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún 1911."

Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí ṣẹ́rífù kú, ó wà lára ère rẹ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìyá Brandvold ló ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn àlejò: dókítà tó ń yẹ òkú wò máa ń fi àmì ara rẹ̀ sára ohun tó bá bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀ kó tó dé kóòtù.

Bàbá Ganix ṣí fáìlì mi. Ó fi ìka rẹ̀ wá ibi tó ń wá.

"'Lọ́jọ́ náà, ìbọn rẹ̀ wà lórí ìṣó nílé,'" ni ó kà. "Ìwọ lo kọ ọ́ síbí. Bó bá wà lórí ìṣó, ta ló gbé e dé ẹ̀gbẹ́ òkú?"

Ó pa fáìlì náà dé.

"Dókítà tó bá fi àmì sára ìbọn, ó máa ń kọ ìwé tẹ̀ lé e. Èmi ni mo kọ́ ọ nìyẹn. Nadine, ìwé náà dà?"

Royce ti gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Nadine, sọ fún wọn pé kò sí ìwé kankan."

Mo wo Royce, mo wo Bàbá. Bí mo bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ṣeé ṣe kí n mú un jẹ. Àmì lásán ni, wọ́n á jiyàn lórí ẹ̀ títí. Ohun tó fa òótọ́ jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ìwà rere. Bàbá Ganix ò bínú. Ó kàn ń dúró, bí ó ṣe dúró lọ́jọ́ Sunday yẹn pẹ̀lú síbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Mo ní, "Ó wà. Mo rí i. Mo fi pa mọ́."

Ọwọ́ Royce kúrò léjìká mi. Ẹnìkan sọ̀rọ̀ èébú kan tí n kò ní kọ. Bàbá Ganix dá igi èèkù padà, ó de súkúrù náà dáadáa, ó gbé ìbọn náà padà sórí aṣọ funfun, ó sì dá sukudiráfà padà sínú báàgì mi.

"Lọ mú un wá," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mo sáré dé kóòtù. Twyla ṣílẹ̀kùn abẹ́ ilẹ̀. Ibi tí páálí àmì àgùntàn wà ti ṣófo, ògiri ibẹ̀ ti di funfun.

Ó ní, "Àǹtí, páìpù bẹ́ níbí ní oṣù kẹta. Gbogbo àwọn páálí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rin gbingbin. Wọ́n ní ìwé àgùntàn kì í ṣe nǹkan tí ẹnikẹ́ni ń bèèrè, wọ́n kó o dà nù."

"Páálí ọdún 1911 ńkọ́?"

"Ìyẹn wà lókè. Omi ò kàn án rárá." Ó wo ojú mi. "Àǹtí Nadine, kí ló dé?"

Ká ní mo fi í sílẹ̀ síbi tí Dókítà Pell fi í sí, ì bá wà ní gbígbẹ.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Ganix ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Mo kúnlẹ̀. Mo ní bébà ti run, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà lórí mi, mo kà á ju ìgbà mẹ́wàá lọ, kó jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Má sọ ọ́ fún mi."

"Bàbá, ọ̀rọ̀ rere ni. Ìlà mẹ́ta wà níbẹ̀ nípa bàbá yín àgbà tí ẹ ò gbọ́ rí."

"Mo ní má sọ ọ́. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, o wo ojú mi, o ní kò sí. Ojú kan náà lo fi ń wò mí báyìí. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Wàá sọ ohun dídùn kan fún mi, màá sì fẹ́ gbà á gbọ́, mi ò ní mọ̀ bóyá àánú ló mú ẹ hùmọ̀ ẹ̀. Bébà ni mo fẹ́. Bébà kì í ṣàánú èèyàn."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

Ó wá ní, "Sukudiráfà mi."

Mo fà á lé e lọ́wọ́. Ó nù ún, ó gbé e sórí pátákó pẹ̀lú àwọn yòókù.

Royce gbé ìbọn rẹ̀ lọ sílé. Ó ní àmì lásán ni àmì, ó sì ní obìnrin tó jẹ́wọ́ pé òun purọ́ kò ṣeé fi ṣe ẹlẹ́rìí. Ibẹ̀ yẹn, òótọ́ ló sọ. Mo lọ búra ní kóòtù lórí ohun tí mo kà, ìwé ìbúra mi wà níbẹ̀ di òní, wọ́n sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Bàbá Ganix gbẹ́ òkúta náà fúnra rẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Àmì tí dókítà fi sára irin ló gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe èmi. Ó kọ orúkọ Arnaut Urruty, ó kọ ọdún rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi àyè tó tó ìlà mẹ́ta sílẹ̀ láìkọ nǹkankan. Mo gbọ́ pé ẹnìkan bi í léèrè, ó ní àyè ohun tí dókítà kọ ni. Wọ́n gbé òkúta náà dúró ní oṣù kẹsàn-án. Ó kú kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn ọgbà. Láti ibẹ̀, mo rí àyè tó ṣófo yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, torí ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò lè gbà á lẹ́nu mi. Ìlà mẹ́ta ìparí ìwé Dókítà Pell nìyí, bí mo ṣe kà á ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn:

"Darandaran Urruty ló bá a. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù ara rẹ̀, ó fi bo òkú náà nítorí àwọn ẹyẹ, ó sì fi ẹ̀wù péńpé rin wákàtí mẹ́fà nínú yìnyín wá pè mí. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ìyàwó ṣẹ́rífù bó ṣe kú, ó ní kí n sọ pé ẹṣin ló dà á."

Gbogbo ohun tí mo rí ni mo kọ síbí.

Nadine Pruitt, Crowder.